Ọjọ́ Pàjáwìrì ní Ọ̀wọ̀ àti Ọ̀sẹ̀: Ohun Tí Ó Yẹ Kí Ọwọ́ Kọ́kọ́ Ṣe

Àwọn àgbà tí ó pa á lówe pé ogun àwítẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tí ó bá gbọ́n kò sọ pé arọ náà yára, wọn kò sì sọ pé ó lágbára. Ohun tí wọ́n sọ ni pé ó gbọ́n, èyí ni pé ó ti gbọ́ ìkìlọ̀, ó ti ro ti ara rẹ̀, ó sì ti kúrò lójú ọ̀nà kí ogun tó dé. Ṣùgbọ́n ogun tí ẹnikẹ́ni kò wí tẹ́lẹ̀ ńkọ́? Iná tí ó sọ ní ilé ìdáná lóru, ọmọ tí gìrì mú lójijì, ọkọ̀ tí ó já wọ igbó lórí eré, ejò tí ó bu àgbẹ̀ jẹ ní ìdí ebè: kò sí ọ̀kan nínú wọn tí í rán ìránṣẹ́ ṣíwájú. Síbẹ̀, bí a bá rò ó dáadáa, ọjọ́ tí wọn yóò dé nìkan ni ó pamọ́ fún wa. Pé wọn yóò dé kò pamọ́ fún ẹnikẹ́ni tí ó ti gbé ayé pẹ́ díẹ̀. Nítorí náà ni mo ṣe gbà, tí mo sì fẹ́ kí gbogbo onílé gbà pẹ̀lú mi, pé ìfarabalẹ̀ tí a máa ń yìn lára àwọn ènìyàn díẹ̀ lọ́jọ́ wàhálà kì í ṣe ẹ̀bùn àbímọ́ni. Iṣẹ́ tí wọ́n ti ṣe sílẹ̀ kí ọjọ́ náà tó pé ni.

Àṣìṣe méjì ni ó máa ń sọ ìjàǹbá kékeré di ọ̀fọ̀ ńlá. Èkíní ni ìwàdùwàdù: kí ènìyàn mẹ́wàá máa sáré lẹ́ẹ̀kan náà, kí ọ̀kan máa fa apá, kí èkejì máa fa ẹsẹ̀, kí ẹ̀kẹta máa lọgun, kí ẹnikẹ́ni má sì rántí wá ọkọ̀. Èkejì ni ìlọ́ra, èyí tí ó tún léwu jù nítorí pé ẹ̀wù sùúrù ni ó máa ń gbé wọ̀: kí a wí pé ara ọmọ yóò balẹ̀ bí ilẹ̀ bá mọ́, kí a tún ra oògùn mìíràn lọ́wọ́ kẹ́míìsì, kí a dúró de baba ọmọ títí yóò fi ti oko dé. Sùúrù ni baba ìwà, lóòótọ́ ni. Ṣùgbọ́n àwọn kan náà tí wọ́n fi òwe yìí kọ́ wa ni wọ́n tún sọ pé àìtètè mólè ni olè ń mólóko. Ẹni tí ó fara balẹ̀ lọ́nà tí mò ń wí kò jókòó. Ó mọ ohun àkọ́kọ́, ó ṣe é, lẹ́yìn náà ni ó bọ́ sí èkejì.

N kò mọ ilẹ̀ tí ẹ̀kọ́ yìí ti hàn kedere tó ilẹ̀ Ọ̀wọ̀ àti Ọ̀sẹ̀ ní ìpínlẹ̀ Oǹdó. Ọ̀wọ̀, ìlú Ọlọ́wọ̀, ọmọ Òjùgbelú tí ó ti Ifẹ̀ wá, ìlú tí ọba rẹ̀ ń dirun, tí ó ń wọ iyùn jáde lọ́jọ́ ọdún Igogo ní ìrántí ayaba Ọrọnsẹn, ìlú tí àgbàlá ààfin rẹ̀ pọ̀ ju ohun tí àlejò lè rìn tán lójúmọ́ kan, wà ní ìkóríta: ọ̀nà Àkúrẹ́ wọ̀ ọ́ láti apá kan, ọ̀nà Ìkàrẹ́ wọ̀ ọ́ láti apá kejì, ọ̀nà Benin sì gba Ifọ̀n, olú ìlú ìjọba ìbílẹ̀ Ọ̀sẹ̀, wá bá a. Ní ìhà Ọ̀sẹ̀ ni Ìdóàní, Ìmẹ̀rì, Àfọ̀, Ìkárò, Ùté àti Okelúsè wà, láàárín oko kòkó, oko gbágùúdá àti igbó. Ilẹ̀ ọlọ́ràá ni, ṣùgbọ́n ohun tí ó ń bọ́ ọ náà ni ó ń fi í sínú ewu. Ojú ọ̀nà tí ń gbé irè oko lọ sọ́jà ni ọkọ̀ ajàgbé ti ń pa ènìyàn. Igbó tí ń bọ́ ọdẹ àti àgbẹ̀ ni àwọn agbébọn ń sá pamọ́ sí, títí wọ́n fi pa Olúfọ̀n ti Ifọ̀n, Ọba Adégòkè Adéùsì, lójú ọ̀nà Ẹ̀lẹ́gbẹ̀kà ní oṣù Kọkànlá ọdún 2020. Oúnjẹ tí a sì ń sá sóòrùn ni eku ń tọ̀ sí.

Kò sí ẹni tí ó lè sọ̀rọ̀ wàhálà ní Ọ̀wọ̀ tí kò ní dárúkọ ọjọ́ 5 oṣù Kẹfà ọdún 2022. Ọjọ́ Àìkú ni, ọjọ́ àjọ̀dún Pẹ́ńtíkọ́sì, nígbà tí ìsìn ń lọ sópin ní ìjọ Kátólíìkì ti Francis Mímọ́ ní Ọwálúwà, tí kò jìnnà sí ààfin Ọlọ́wọ̀, ni àwọn agbébọn ya bo àwọn olùjọ́sìn pẹ̀lú ìbọn àti ohun abúgbàù. Ogójì ènìyàn àti jù bẹ́ẹ̀ lọ ni ó kú, ọmọdé wà nínú wọn, àgbà wà nínú wọn, àwọn tí ó sì fara gbọgbẹ́ pọ̀ lọ́pọ̀lọpọ̀. N kò ní ṣe ìròyìn ikú náà ju báyìí lọ, nítorí ọgbẹ́ tí kò tíì san kì í fẹ́ ìka. Ohun tí mo fẹ́ kí a wò ni ohun tí àwọn alààyè ṣe ní wákàtí tí ó tẹ̀ lé e.

Ọkọ̀ tí ó bá wà nítòsí ni ó di ọkọ̀ aláìsàn. Wọ́n gbé àwọn tí ó fara pa lọ sí ilé ìwòsàn St. Louis, wọ́n sì gbé àwọn mìíràn lọ sí ilé ìwòsàn ìjọba àpapọ̀ tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí FMC. Àwọn oníṣègùn tí iṣẹ́ kò kàn lọ́jọ́ náà dìde nílé wọn. Nígbà tí wọ́n sì kéde pé ẹ̀jẹ̀ kò tó, àwọn ará ìlú tò wá láti na apá wọn, kò sì sí ẹni tí ó bi wọ́n bóyá ṣọ́ọ̀ṣì ni wọ́n ń lọ tàbí mọ́sálásí. Ẹkún wà káàkiri ìlú nígbà náà, ó sì tọ́ kí ó wà. Ṣùgbọ́n igbe kì í dá ẹ̀jẹ̀ dúró. Ẹni tí ó wa ọkọ̀, ẹni tí ó fi aṣọ tẹ ojú ọgbẹ́, ẹni tí ó na apá fún abẹ́rẹ́: ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn mú iṣẹ́ kan ṣoṣo, ó sì dì í mú ṣinṣin.

Ìlànà kan wà tí àwọn nọ́ọ̀sì máa ń tẹ̀ lé nígbà tí àwọn tí ó fara pa bá dé lọ́wọ̀ọ̀wọ́, tí kò yé ọ̀pọ̀ ẹbí, tí a sì máa ń tìtorí rẹ̀ bú wọn. Nọ́ọ̀sì yóò kọjá lára ẹni tí ń ké gbajare, yóò lọ tẹ̀ mọ́ ẹni tí kò sọ nǹkan kan, yóò gbé etí sí ẹnu rẹ̀, yóò sì wo àyà rẹ̀ bóyá ó ń lọ sókè sódò. Ohun tí ojú ẹbí ń rí ni àìláàánú. Ṣùgbọ́n ẹni tí ń ké ní èémí tí ó fi ń ké. Ẹni tí ó dákẹ́ ni ó ṣeé ṣe kí ẹ̀mí rẹ̀ ti fẹ́ bọ́. Ìwàdùwàdù máa ń tẹ̀ lé ariwo, ìfarabalẹ̀ a máa wá ibi tí ewu wà gan-an. Bí àwa tí a kì í ṣe oníṣègùn bá lè mú kìkì èyí lọ́kàn, pé kí a kọ́kọ́ wo ẹni tí ó dákẹ́ jẹ́ẹ́, a ó ti gba ẹ̀mí kan là lójú ọ̀nà kan lọ́jọ́ kan.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀ náà gba àlàyé. Nǹkan bí lítà márùn-ún ni ẹ̀jẹ̀ tí ó wà lára àgbàlagbà, kò sì pẹ́ tí ọgbẹ́ ńlá fi ń tú u dànù. Ẹ̀jẹ̀ tí a bá fà lára ẹni lónìí gbọ́dọ̀ gba àyẹ̀wò kí ó tó lè wọ ara ẹlòmíràn, bí a bá sì tọ́jú rẹ̀ sínú fìríìjì bí ó ti yẹ, ó lè wà ní lílò fún nǹkan bí ọjọ́ 35. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ẹ̀jẹ̀ tí yóò kọ́kọ́ gba ẹni tí ó fara pa là ni èyí tí ẹnìkan ti fi tọrẹ ní ọ̀sẹ̀ tí kò sí ogun, tí kò sí ọ̀tẹ̀, nígbà tí kò sí ẹni tí ń sunkún láti rọ̀ ọ́. Ìyọ́nú tí ó mú kí ìlú tò sí ẹnu ọ̀nà ilé ìwòsàn lọ́jọ́ burúkú dára púpọ̀. Èyí tí ó mú ọkùnrin kan wọlé lọ fi ẹ̀jẹ̀ tọrẹ ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun lásán, kí ó tó gba oko lọ, dára jù ú lọ.

Wàhálà kejì tí Ọ̀wọ̀ àti Ọ̀sẹ̀ fi kọ́ gbogbo Nàìjíríà lẹ́kọ̀ọ́ kì í dún bí ìbọn. Ibà Lassa ni. Ní ọdún 1969 ni a kọ́kọ́ dá àrùn yìí mọ̀, lára àwọn nọ́ọ̀sì míṣọ́nnárì, èyí tí ó kọ́kọ́ mú nínú wọn sì ti ìlú Lassa ní ilẹ̀ Borno wá, ibẹ̀ ni orúkọ náà ti jáde. Láti ọdún dé ọdún, ìpínlẹ̀ Oǹdó àti Ẹdó wà lára àwọn tí ó ń rí i jù lọ. Ní ìpínlẹ̀ Oǹdó, Ọ̀wọ̀ àti Ọ̀sẹ̀ sì wà ní iwájú. Ọdún 2018, nígbà tí àyẹ̀wò fìdí rẹ̀ múlẹ̀ lára ènìyàn 633 káàkiri Nàìjíríà, jẹ́ ọdún tí àwọn oníṣègùn FMC Ọ̀wọ̀ kò lè gbàgbé.

Irú eku kan tí ó ní ọmú púpọ̀, tí ó sì ń bí bíi kí ó máa dà á sílẹ̀, ni ó ń gbé àrùn yìí kiri nínú ìtọ̀ àti ìgbẹ́ rẹ̀, àrùn náà kì í sì í pa eku náà fúnra rẹ̀. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, tí a bá ti kórè tán, tí a sì ti dáná sun igbó, eku yóò sá wọ ilé, yóò wá bá oúnjẹ wa gbé. Bí a bá gba ọ̀nà Ọ̀wọ̀ sí Ifọ̀n ní àkókò bẹ́ẹ̀, a ó rí pàkì funfun tí wọ́n sá sí etí ọ̀dà, lórí àpáta àti lórí tapólì, láti òwúrọ̀ títí di alẹ́, nígbà mìíràn di ọjọ́ kejì. Adìyẹ yóò kọjá lórí rẹ̀, eku yóò kọjá lórí rẹ̀ lóru nígbà tí kò sí ẹni tí ń ṣọ́ ọ, ìyá oníláfún yóò sì kó o sínú àpò láàárọ̀, yóò gbé e lọ sọ́jà láìmọ ohun tí ó wà nínú rẹ̀. Ike tí ó ní ìdérí tí eku kò lè jẹ wọ̀, ilé tí a gbá mọ́, ààtàn tí ó jìnnà sí ilé, ológbò tí ó mọ iṣẹ́ rẹ̀: ìwọ̀nyí ni ogun tí a ń bá Lassa jà kí ó tó di ọ̀rọ̀ ilé ìwòsàn.

Bí ó bá wá di ọ̀rọ̀ ilé ìwòsàn ńkọ́? Ibí yìí ni ìlọ́ra ti ń pa ènìyàn. Láàárín ọjọ́ díẹ̀ sí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn tí ó bá wọ ara ni ó tó farahàn, bí ó bá sì farahàn, ó jọ ibà tí gbogbo wa mọ̀: ara gbígbóná, orí fífọ́, ọ̀nà ọ̀fun dídùn, àárẹ̀, èébì. Nínú ènìyàn mẹ́wàá tí ó bá wọ̀ lára, nǹkan bí mẹ́jọ ni kò ní ṣe wàhálà púpọ̀ fún. Ìyókù ni ó lè dé bá pẹ̀lú ẹ̀jẹ̀ láti imú àti ẹnu, ó sì le púpọ̀ fún aláboyún tí oyún rẹ̀ ti dàgbà. Oògùn rìbáfírìnì tí wọ́n ń lò fún un ṣiṣẹ́ jù nígbà tí aláìsàn bá tètè rí i, pàápàá láàárín ọjọ́ mẹ́fà àkọ́kọ́. Ẹ wo bí ọjọ́ mẹ́fà náà ti máa ń lọ nílé wa: ọjọ́ kìn-ín-ní fún àgbo, ọjọ́ kejì fún oògùn kẹ́míìsì, ọjọ́ kẹta fún abẹ́rẹ́ lọ́wọ́ ẹni tí ó ń gún abẹ́rẹ́ ládùúgbò, ọjọ́ kẹrin àti ìkarùn-ún fún àdúrà, ọjọ́ kẹfà fún wíwá owó ọkọ̀. Ibà tí kò bá gbọ́ oògùn ibà láàárín ọjọ́ méjì sí mẹ́ta, nílé ẹni tí ń gbé ní Ọ̀wọ̀ tàbí Ọ̀sẹ̀, kí á gbé aláìsàn náà lọ fún àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ láìjáfara. Ìwádìí tí wọ́n ṣe ní FMC Ọ̀wọ̀ láàárín ọdún 2018 sí 2020, lára àwọn aláìsàn tí ó lé ní 500 tí àyẹ̀wò fi hàn pé Lassa ni ó ń ṣe wọ́n, fi hàn pé nǹkan bí 12 nínú ọgọ́rùn-ún ni ó kú. Ẹni tí ó bá rò pé ìdájọ́ ikú ni Lassa, tí ó sì torí bẹ́ẹ̀ fi aláìsàn pamọ́ sí yàrá, kí ó tún ìṣirò yẹn kà: àwọn tí wọ́n tọ́jú tí ó sì yè pọ̀ ju àwọn tí ó kú lọ fíìfíì.

Bí ẹnìkan bá fẹ́ fi ojú rí ìfarabalẹ̀, kí ó fojú inú wo nọ́ọ̀sì tí ó fẹ́ wọ yàrá aláìsàn Lassa. Aláìsàn ń kérora nínú, ìyá rẹ̀ ń bẹ̀bẹ̀ lóde, nọ́ọ̀sì náà ń gbọ́ gbogbo rẹ̀. Síbẹ̀, yóò kọ́kọ́ fọ ọwọ́. Yóò wọ bàtà rọ́bà, yóò wọ aṣọ tí ó bo ara, yóò fi ìbòmú bo imú àti ẹnu, yóò fi awò bo ojú, yóò wọ ìbọ̀wọ́, èkejì yóò sì wọ̀ lé èkíní. Ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ yóò yí i po, yóò wò ó bóyá awọ ara hàn níbì kankan, kí ó tó gbà pé kí ó wọlé. Nígbà tí ó bá sì jáde, ìlànà bíbọ́ aṣọ náà tún gùn ju ti wíwọ̀ lọ, nítorí ojú òde aṣọ ni àrùn wà. Àwọn baba wa ti sọ ọ́ tipẹ́: bí iná bá ń jóni, tí ó ń jó ọmọ ẹni, ti ara ẹni ni a á kọ́kọ́ gbọ̀n dànù. Ẹni tí kò bá mọ ìjìnlẹ̀ òwe náà yóò pè é ní òwe ìmọtara-ẹni-nìkan. Ẹni tí ó bá ti rí nọ́ọ̀sì tí Lassa mú láti ara aláìsàn rẹ̀ mọ̀ pé olùrànlọ́wọ́ tí ó ṣubú ti di ẹrù kejì lọ́rùn àwọn tí ó kù. Ó kan àwa náà nílé. Ẹni tí ó ń palẹ̀ èébì aláìsàn mọ́, ẹni tí ó ń fọ aṣọ rẹ̀, àti àwọn tí ó fẹ́ wẹ òkú rẹ̀ bí àṣà ìbílẹ̀, ìfẹ́ ni ó ń ṣe wọ́n. Ṣùgbọ́n ìfẹ́ tí kò wọ ìbọ̀wọ́ ti sọ ọ̀fọ̀ ẹyọ kan di ọ̀fọ̀ mẹ́ta nínú agbo ilé kan.

Ọdún 2014 fi ìfarabalẹ̀ àti ìwàdùwàdù hàn wá pọ̀ ní Nàìjíríà. Ní oṣù Keje ọdún náà, arìnrìn-àjò kan tí ó ti Làìbéríà wá gbé àrùn Ebola wọ ilé ìwòsàn kan ní Ọbálendé, ní ìlú Èkó. Dókítà Ameyo Stella Adadevoh, tí kò rí Ebola lára ẹnikẹ́ni rí, fura. Ó ní kí wọ́n ṣe àyẹ̀wò, ó sì kọ̀ láti jẹ́ kí aláìsàn náà jáde lọ, bí àwọn aláṣẹ orílẹ̀-èdè rẹ̀ tilẹ̀ ń fúngun mọ́ ọn. Ènìyàn 20 ni àrùn náà mú ní Nàìjíríà, mẹ́jọ nínú wọn kú, Dókítà Adadevoh fúnra rẹ̀ sì wà nínú wọn, ní ọjọ́ 19 oṣù Kẹjọ. Ní ọjọ́ 20 oṣù Kẹwàá, Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde pé Ebola ti kúrò nílẹ̀ wa. Ní oṣù Kẹjọ kan náà ni ahesọ gba orí fóònù kan pé omi gbígbóná pẹ̀lú iyọ̀ ni kí a fi wẹ̀, kí a sì mu nínú rẹ̀, kí ilẹ̀ tó mọ́. Àwọn ènìyàn jí ara wọn lóru, wọ́n gbé omi kaná, àwọn kan sì di èrò ilé ìwòsàn nítorí iyọ̀ tí wọ́n mu. Ó ṣeé ṣe kí ẹ̀rù ba dókítà náà bí ó ti ba àwọn oníyọ̀. Ohun tí ó ya wọ́n sọ́tọ̀ ni pé dókítà náà ti mọ àwọn ìbéèrè tí yóò bi ara rẹ̀ ṣáájú kí ẹ̀rù tó dé.

Ẹ jẹ́ kí a wá gba ojú ọ̀nà lọ, nítorí ibẹ̀ ni pàjáwìrì ti ń bá ọ̀pọ̀ wa. Ọkọ̀ méjì forí sọ ara wọn láàárín Ọ̀wọ̀ àti Ifọ̀n. Ẹni tí ó bá kọ́kọ́ dé ibẹ̀, kí ó dá ọkọ̀ tirẹ̀ dúró ní ọ̀nà jíjìn, kí ó ṣẹ́ ewé tútù, kí ó tò ó sójú ọ̀nà níwájú àti lẹ́yìn kí ọkọ̀ ajàgbé tí ń bọ̀ má baà pa àwọn tí ó kù. Lẹ́yìn náà, kí ó nawọ́ sí ẹnìkan ṣoṣo, kì í ṣe sí èrò: “Bọ̀dá aláṣọ búlúù, ẹ bá mi pe 122,” nítorí iṣẹ́ tí a fi rán gbogbo ènìyàn, kò sí ẹni tí í jẹ́ ẹ. Nọ́ńbà 122 ni ti Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó, 112 sì ni ti pàjáwìrì gbogbo. Bí iná tàbí èéfín kò bá sí, kí á má fi ipá fa ẹni tí ó há sínú ọkọ̀ jáde, nítorí ọrùn àti ọ̀pá ẹ̀yìn tí ó ti fọ́ lè tìtorí bẹ́ẹ̀ já pátápátá. Ibi tí ẹ̀jẹ̀ bá ti ń tú, kí á fi aṣọ mímọ́ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ gírígírí, kí á má ṣí i wò ní ìṣẹ́jú ìṣẹ́jú. Ẹni tí kò mọ ara rẹ̀, a kì í fún un lómi mu, bí ó ti wù kí àánú rẹ̀ ṣe wá tó. Bí ó bá sì jẹ́ ìbọn ni ó bà á, kí ẹnikẹ́ni má bẹ̀rù láti gbé e: òfin ọdún 2017 pa á láṣẹ pé kí ilé ìwòsàn gba ẹni tí ìbọn bà kí ó sì tọ́jú rẹ̀, yálà ìwé ọlọ́pàá wà tàbí kò sí.

Nínú ilé, àṣà tí a jogún lè ṣe wá ní ibi, ó sì dùn mí láti sọ ọ́, nítorí mo fẹ́ràn àwọn àgbà tí ó fi wọ́n lé wa lọ́wọ́. Ọmọ tí gìrì mú, ẹ má ti ṣíbí bọ̀ ọ́ lẹ́nu, ẹ má gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ súnmọ́ iná, ẹ má sì da àgbo tí a fi ìtọ̀ màlúù àti ewé tábà ṣe sí i lọ́fun. Ìyẹn ti pa ọmọ tí gìrì fúnra rẹ̀ ì bá má pa. Ẹ tẹ́ ẹ sílẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́, ẹ kó ohun líle kúrò nítòsí rẹ̀, ẹ wo aago. Bí ó bá kọjá ìṣẹ́jú márùn-ún, kí ẹ ti wà lójú ọ̀nà ilé ìwòsàn, bí ó bá sì dáwọ́ dúró, ẹ ṣì gbé e lọ. Ẹni tí iná tàbí omi gbígbóná jó, omi tútù tí ń ṣàn ni oògùn rẹ̀ fún nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú. Epo pupa, ẹyin àti ọṣẹ ìfọyín kò ní iṣẹ́ kankan tí wọ́n ń ṣe níbẹ̀ ju pé wọ́n ń ba ọgbẹ́ jẹ́. Ọmọ tí ó mu kẹrosíìnì, ẹ má fún un lépo, ẹ má sì mú un bì, nítorí bíbì náà ni yóò gbé kẹrosíìnì wọ inú ẹ̀dọ̀fóró. Ẹni tí paramọ́lẹ̀ tàbí sèbé bù jẹ lóko, kí ó má sáré, kí ẹnikẹ́ni má fi abẹ sín ojú ibẹ̀, kí wọ́n má sì fi okùn dì í pinpin. Kí wọ́n fi igi gbè ẹsẹ̀ náà kí ó má mira, kí wọ́n bọ́ ohun tí ó bá há a lẹ́sẹ̀, kí wọ́n sì gbé e sọ́kọ̀ tàbí sórí ọ̀kadà lọ síbi tí oògùn oró ejò wà. Ejò tí ó ti lọ, ẹ jẹ́ kí ó máa lọ.

Ó ku ọ̀rọ̀ kan tí ó kan àwùjọ. Nígbà tí Lassa bá mú ẹnìkan ládùúgbò, a máa ń yí ojú kúrò lára ẹbí rẹ̀, a kì í ra láfún ìyàwó rẹ̀ mọ́, ọmọ rẹ̀ kì í sì í rí ẹni bá ṣeré nílé ẹ̀kọ́, bí aláìsàn náà tilẹ̀ ti yè, tí ó ti padà sílé, tí ó sì jẹ́ pé etí dídi tí àrùn náà máa ń fi sílẹ̀ lára àwọn kan ni ó ń bá a fínra. Èrè ìwà yìí ni pé aláìsàn tí ó kàn yóò fi ara rẹ̀ pamọ́, ìpamọ́ rẹ̀ yóò sì di ewu fún gbogbo wa. Bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò tí kò dára, tí a kò sì sọ fún un, hẹ́rẹ̀huru rẹ̀ kò ní jẹ́ kí a sùn lóru. Ẹ jẹ́ kí àwọn ọba wa, àwọn àlùfáà, àwọn ìmáàmù àti àwọn ìyálọ́jà máa sọ ọ́ ní gbangba pé àìsàn kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀, àti pé ẹni tí ó tètè lọ sí ilé ìwòsàn ti ṣe ìlú lóore.

Nítorí náà, iṣẹ́ wà nílẹ̀, kò sì pọ̀ jù fún ilé kankan. Kí a kọ 112, 122 àti nọ́ńbà ilé ìwòsàn tí ó súnmọ́ wa sí ara ògiri níbi tí ọmọdé lè kà á dé. Kí àdúgbò kọ̀ọ̀kan mọ ẹni tí ó ní ọkọ̀ tí ó lè jí lóru, kí wọ́n sì ti bá a sọ ọ́, kí wọ́n ti fi owó epo díẹ̀ sí ìpamọ́. Kí ẹgbẹ́ àwọn ọlọ́kọ̀ àti ọlọ́kadà kọ́ àwọn ọmọ ẹgbẹ́ wọn ní bí a ti ń dá ẹ̀jẹ̀ dúró, nítorí àwọn ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ dé ibẹ̀ nígbà gbogbo. Kí àwọn tí ara wọn le láàárín wa fi ẹ̀jẹ̀ tọrẹ ní ọjọ́ tí kò sí ìpè. Kí a dé oúnjẹ wa. Ẹni tí ó bá ti ṣe ìwọ̀nyí, ẹ̀rù yóò ba òun náà lọ́jọ́ tí wàhálà bá dé, nítorí pé ènìyàn ni. Ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ yóò ti mọ ohun àkọ́kọ́ tí yóò ṣe, yóò sì ti máa ṣe é kí ẹ̀rù náà tó ráyè sọ̀rọ̀.